Ìrẹsì Pẹ́ Kó Tó Gbó, Omi Kò Dúró Dè É: Àkọsílẹ̀ Oko Kan ní Àkùrọ̀ Odò Ọya

Oko ìrẹsì tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé fẹ̀ tó 3 hẹ́kítà, ó sì wà ní àkùrọ̀ Odò Ọya ní agbègbè Koton Karfe, ìpínlẹ̀ Kogi, kí ẹni tó ń ti Àbújá bọ̀ tó dé afárá Murtala Muhammed ní Jamata. Ẹni tó ni oko náà jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Kàbbà, tí wọ́n ti ń gbé Gwagwalada láti ìgbà tí iṣẹ́ ìjọba ti gbé wọn dé Àbújá. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe pè wọ́n níhìn-ín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó yá wọn lówó oko ní ọdún 2022. Nítorí náà, ìwé ìnáwó oko náà, ọjọ́ tí wọ́n ra irúgbìn àti ọjọ́ tí wọ́n sanwó katakata, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, Màmá sì fún mi láyè láti kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ pé oko náà bá omi lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 gbà pé omi ló bà á jẹ́, wọn kò sì wádìí síwájú sí i. Ohun tí ìwé tó wà lọ́wọ́ mi fi hàn yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀dá tó dá ní oṣù Karùn-ún ló kọ́kọ́ ṣe oko náà ní jàǹbá, nítorí òun ló ti ìkórè sẹ́yìn títí tó fi bọ́ sí àárín ìgbà tí odò máa ń kún jù lọ. Ká ní òjò rọ̀ déédéé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ni, èyí tó pọ̀ jù nínú ìrẹsì tí omi bá lójú oko ì bá ti wà nínú àpò.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò dáko lẹ́bàá odò ńlá rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ọdún ṣe ń lọ níbẹ̀. Odò Ọya máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún láàárín ìgbà òjò, ó máa ń ga jù lọ láti ìparí oṣù Kẹsàn-án wọ inú oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ibi tí oko yìí wà, Odò Bẹ́núé kò dé ibẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ni odò méjèèjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bẹ́núé bá kún ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń dí Ọya lọ́nà níbi ìpàdé náà, omi Ọya kò ní ráàyè lọ, yóò sì máa padà sẹ́yìn wọ àwọn ìṣàn kéékèèké àti kòtò inú àkùrọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń dá kò ju méjì lọ: yálà kí wọ́n ti kórè kí omi tó gòkè, tàbí kí wọ́n dúró títí omi yóò fi fà, kí wọ́n wá gbin nǹkan sí ilẹ̀ tútù tó bá fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbìn sí àárín méjèèjì ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Màmá yàn. Irúgbìn tí wọ́n rà ni FARO 44, ìrẹsì tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Òkè Ọya mọ̀ sí Sipi, tí ó máa ń gbó láàárín ọjọ́ 110 sí 120 láti ọjọ́ tí a bá ti fún un. Ìṣirò wọn kò ṣòro: bí wọ́n bá fún irúgbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, tí wọ́n sì ṣí i lọ sí ojú oko lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dòjé yóò wọ oko ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí odò kò ní tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Òjò méjì tó lágbára rọ̀ lórí ilẹ̀ náà nínú oṣù Kẹrin. Ilẹ̀ tutù dénú, koríko hù, gbogbo ènìyàn gbà pé ìgbà òjò ti dé, wọ́n sì fún irúgbìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú bí ẹni pé oṣù Kẹta ni a ṣì wà, tí ẹ̀kán òjò kan kò sì bọ́ fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alábòójútó oko, bàbá kan ọmọ Bùnú, ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi sí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n ewé èèhù náà pọ́n láti ṣóńṣó wá sísàlẹ̀, ó ká jọ, ó sì gbẹ.

Ohun tó tan àwọn àgbẹ̀ jẹ níhìn-ín kì í ṣe nǹkan àjèjì. Òjò àkọ́rọ̀ ní ìhà wa kì í sábà wá láti inú afẹ́fẹ́ tútù tó ń fẹ́ láti orí òkun tó sì ti fìdí múlẹ̀; ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ ló máa ń gbé e wá, tí yóò rọ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ń gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan fi máa ń ya òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òjò tí àgbẹ̀ lè gbára lé, tí ó sì máa ń sọ ibi tí ó ṣeé ṣe kí ọ̀dá ti dá láàárín ìgbà òjò. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, wọ́n sì ní àmì tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó gbin nǹkan. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àmì náà kò bára mu mọ́: igi rú ewé, kòkòrò jáde, òjò kò sì tẹ̀lé e.

Wọ́n ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fún un ní àárín oṣù Kẹfà. Nígbà náà ni ohun mìíràn yọjú tí ìwé àwọn onímọ̀ kì í sábà mẹ́nu bà. Nígbà tí òjò bá pẹ́, gbogbo àgbẹ̀ agbègbè kan ló ń nílò katakata ní ọ̀sẹ̀ kan náà, katakata kò sì pọ̀. Èèhù Màmá dàgbà tán ní ibi tí wọ́n fún un sí kí katakata tó kàn wọ́n, ó sì ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje kí wọ́n tó gbìn ín tán sójú oko. Ajílẹ̀ òyìnbó náà ti di ọ̀wọ́n gógó lọ́dún yẹn nítorí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine, nítorí náà wọ́n dín in kù. Èyí kò ran ìrẹsì tó ti pẹ́ lọ́wọ́ láti tètè dàgbà.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì tún ní ẹ̀ka kan tó ṣe pàtàkì. FARO 44 ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, nítorí pé kì í ṣe Màmá nìkan ni èèhù rẹ̀ kú. Èyí tí wọ́n rí rà kò tó ju ìdajì oko lọ, wọ́n sì fi FARO 52 dí ìdajì tó kù. Ìrẹsì tó dára ni FARO 52, ó máa ń so púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ 130 sí 135 kó tó gbó. Àṣà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ni pé èyí tó bá pẹ́ jù ni wọ́n máa ń gbìn sí ìsàlẹ̀, nítorí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kì í tètè gbẹ, òkè ni wọ́n sì máa ń gbin èyí tó tètè gbó sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni alábòójútó ṣe gbìn ín. Bí òjò bá tètè dá, ọgbọ́n tó gbè é ni. Lọ́dún yẹn, ó túmọ̀ sí pé ìrẹsì tó kù jù kó gbó ló súnmọ́ odò jù.

Ìkìlọ̀ kò ṣàìdé. Àjọ NIHSA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi inú odò ti kéde nínú àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi ọdún 2022 pé ìjọba ìbílẹ̀ 233 ní ìpínlẹ̀ 32 àti Àbújá ni ewu náà pọ̀ níbẹ̀ gidigidi. Màmá gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kan tóbi ju oko 3 hẹ́kítà lọ, kò sì sí bí ìkéde bẹ́ẹ̀ ṣe lè sọ fún àgbẹ̀ kan bóyá omi yóò dé ìdí máńgòrò rẹ̀ tàbí kò ní dé ibẹ̀. Ohun tí Màmá fi ṣe òṣùwọ̀n ni ilà tí omi ọdún 2012 fà sára ògiri ilé onílẹ̀ tó fún wọn ní oko náà. Onílẹ̀ fi hàn wọ́n láìfi bò. Omi ọdún 2012 ọ̀hún pa ènìyàn 363 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù méjì ènìyàn kúrò nílé. Màmá ní àwọn rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ayé ẹni kan. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Bí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ nìyẹn, ó sì tọ́ ní ayé tiwọn.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀ láti inú ìsédò Lagdo tó wà lórí Odò Bẹ́núé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án tó wà létí odò ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Lọ́kọ́ja títí dé Ibaji, ló wà nínú omi. Ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja rì ní Koton Karfe, ọkọ̀ agbépo ń tò sẹ́yìn ara wọn, epo bẹńtiróòlù sì di àwátì ní Àbújá. Ní oko tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, iwájú ni gbogbo ènìyàn ń wò, níbi tí odò wà. Alábòójútó ti ri igi kan mọ́lẹ̀ létí omi láti mọ bó ṣe ń gòkè sí. Omi náà kò gba iwájú wá. Ìṣàn kan tó wà lẹ́yìn oko, tí kì í ní ju omi kókósẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni omi padà sínú rẹ̀ ní òru, tí ó sì gé ọ̀nà tó lọ sí títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu ní ti gidi. Alábòójútó pe Màmá lórí fóònù ní ìdájí, ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ wá o, Màmá. Ẹ fowó ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí wa, ká wo ohun tí a lè rí gé.”

Ohun tí wọ́n bá nìyí. FARO 52 tó wà nísàlẹ̀ ti so, ṣùgbọ́n tí a bá fi èékánná tẹ hóró rẹ̀, omi funfun ló ń tú jáde. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ìyẹn ṣe. FARO 44 tó wà lókè sàn díẹ̀. Láti orí ṣírí ni ìrẹsì ti máa ń gbó wá sí ìdí, nítorí náà hóró orí ṣírí ti le, ó sì ti pọ́n, nígbà tí ti ìdí ṣì tutù. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi dòjé gé ṣírí tí orí rẹ̀ ṣì yọ lókè omi, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú omi tó ń ro lára rẹ̀. Èyí tó ti wó lulẹ̀ sínú omi kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí hóró rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èèhù lórí ìyá rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ìrẹsì fẹ́ràn omi, kí ló wá bà á jẹ́? Ìrẹsì fẹ́ràn omi ní ìdí. Ewé rẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí gbòǹgbò, bí omi bá sì bo ewé mọ́lẹ̀ pẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò jẹrà.

Èyí tí wọ́n gé kò rí ibi gbẹ. Òjò ṣì ń rọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tó kù ni àwọn tí omi lé kúrò nílé sùn sí, mọ́tò kò sì lè kọjá. Ìrẹsì tútù tí a bá kó jọ sínú àpò máa ń gbóná láti inú. Nígbà tí wọ́n tú àpò náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó ti ń rùn, àwọ̀ rẹ̀ sì ti dà. Àwọn obìnrin tó ń bọ ìrẹsì ra díẹ̀ níbẹ̀ ní iye tí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń ra ìrẹsì gbígbẹ. Oko náà kò ní adójútòfò. Gbogbo owó tó wọlé kò san ju owó àwọn òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi lọ.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Lagdo ni gbogbo ẹnu ń dá lẹ́bi, àti ìsédò Dasin Hausa tí Nàìjíríà ì bá ti kọ́ sí Adamawa láti gba omi rẹ̀ dúró, tí kò sì kọ́ títí di òní. Ẹ̀bi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Suleiman Adamu tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ omi nígbà náà sọ ní gbangba pé òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ wa fúnra wa ló pọ̀ jù nínú omi ọ̀hún. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ World Weather Attribution náà gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Wọ́n ní ìmóoru tí ọmọ ènìyàn fà sí ayé ti mú kí irú òjò tó rọ̀ jálẹ̀ ìgbà òjò yẹn ní agbègbè Adágún Chad ṣeé ṣe ní nǹkan bí ìlọ́po 80, kí ó sì pọ̀ tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe yẹ kó rí lọ. Ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, níbi tí tiwa wà, wọ́n ní òjò ńlá ọlọ́jọ́ díẹ̀ ti ṣeé ṣe ní ìlọ́po 2, ó sì ti fi nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára sí i. Ìdá 5 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí ẹni tó ń kà á nínú ilé. Ní àkùrọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí òkè rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ga ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ìwọ̀nba omi tó lé díẹ̀ ló wà láàárín ìrẹsì tó là á já àti èyí tó rì. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ní Nàìjíríà ni ẹ̀mí tó lé ní 600 àti nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ènìyàn tó sá kúrò nílé.

Ẹgbẹ́ sún ọjọ́ ìsanwó Màmá síwájú. Nígbà tí omi fà tán, ó fi ẹrẹ̀ dúdú tó lọ́ràá sílẹ̀ ní apá kan oko, ó sì fi yanrìn bo apá kejì tí ohunkóhun kò tíì hù dáadáa níbẹ̀ títí di ìgbà tí mo fi ń kọ èyí. Orí ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n gbin àgbàdo tó tètè ń gbó àti ẹ̀gúsí sí ní oṣù Kejìlá. Àgbàdo náà ṣe dáadáa, wọ́n tà á ní tútù fún àwọn tó ń sun ún tà létí títì, wọ́n sì fi san nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbèsè.

Ní ọdún 2023 wọ́n yí ètò padà. Wọn kò gbin ohunkóhun sí ìsàlẹ̀ oko mọ́ nígbà òjò. Ìgbà tí omi bá fà nìkan ni wọ́n ń lò ó. Ẹnìkan gbà wọ́n nímọ̀ràn láti gbin FARO 66 tàbí FARO 67, irú tí àwọn olùwádìí ti fi agbára ìfaradà omi sí, tí ó lè wà lábẹ́ omi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó sì tún rú padà. Irúgbìn tó wúlò gan-an ni fún ibi tí àgbàrá bá ti ń wá tó sì ń tètè lọ, nígbà tí ìrẹsì ṣì wà ní ewé. Omi Ọya ní tirẹ̀ lè jókòó fún oṣù kan, ó sì máa ń bá ìrẹsì lórí ṣírí. Lójú tèmi, Màmá ṣe ohun tó tọ́ bí wọn kò ṣe fi owó wọn lé e.

FARO 44 nìkan ni wọ́n gbìn, sórí ilẹ̀ òkè, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tó ń fa omi kí wọ́n lè fún irúgbìn ní ìparí oṣù Kẹrin láìdúró de òjò. Èèhù hù, wọ́n ṣí i sójú oko kí oṣù Karùn-ún tó parí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹńtiróòlù tó wà lábẹ́ ₦200 fò dé ₦537 ní Àbújá. Òjò tún dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹfà, ẹ̀rọ náà sì ní láti ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Owó epo nìkan ju owó irúgbìn àti ti katakata lọ nínú ìwé ọdún yẹn.

Nígbà tí Kamẹrúùnù tún fi tó Nàìjíríà létí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé omi Lagdo ń bọ̀, ìrẹsì Màmá ti ń pọ́n. Ìkún omi ọdún náà kò tó ti 2022. Àmọ́ oko tó bá dá gbó láàárín oko tútù, òun ni gbogbo ẹyẹ ẹ̀ga agbègbè ń bọ̀ sí; ọmọdé mẹ́fà ni wọ́n gbà láti máa fi kànnàkànnà àti agolo lé wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìkórè bọ́ sí àárín òjò, nítorí náà wọ́n háyà tapolíìnì, wọ́n ń tẹ́ ìrẹsì nígbà tí oòrùn bá yọ, wọ́n ń ká a nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Wọ́n kórè, wọ́n tà, èrè tó wà níbẹ̀ kò sì tó san gbogbo gbèsè tó kù.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣòfin pé a kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó ìrẹsì àkùrọ̀ mọ́ bí kò bá ti gbìn ín sójú oko kí oṣù Karùn-ún tó parí. Màmá dìde, wọ́n ní òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹ̀rọ omi kò lè pa á mọ́, kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ méjì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa háyà ní iye tó mọníwọ̀n. Alága bi wọ́n pé, “Màmá, ta ni yóò máa ra epo sí i?” Màmá ní kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ mọ́ owó tí wọ́n yá kálukú, kí kálukú sì san án lẹ́yìn ìkórè. Ìgbìmọ̀ gbà láti ra ẹ̀rọ kan. Gbèsè Màmá tó kù ni wọ́n gbé wọ ọdún 2024 láìfi èlé kún un.